ÒGÈDÈǸGBÉ ILÉṢÀ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ OGUN RẸ̀

Ìtàn akọni kan tí ó ti kú tipẹ́ ni a mú wá fún yín lọ́dún yìí. Kì í ṣe ọmọ Kàbà, kì í sì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìgbésí ayé rẹ̀ kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ní ilẹ̀ Òkun lónìí, àwọn ọdẹ àti àwọn ọ̀dọ́ wa ni wọ́n ń gbé ìbọn ṣọ́ ọ̀nà oko lọ́wọ́ àwọn ajínigbé.

Àtòrín, nítòsí Iléṣà, ni a bí Ògèdèǹgbé sí. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Òrìṣàráyíbí. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, àwọn ará Ìbàdàn mú un lójú ogun, wọ́n sì kó o lọ sí ìlú wọn. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun dájú. Nígbà tí ó padà sílé, ó di olórí àwọn tí ó gbèjà Iléṣà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ṣẹ́gun ìlú náà ní 1870. Ògèdèǹgbé kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó lọ tẹ̀dó sí Ìta-Ògbólú lẹ́bàá Àkúrẹ́, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń jagun kiri títí dé Àkókó, tí ó bá ilẹ̀ Ìjùmú wa pààlà.

Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni a ń pè ní Ìpayé. Kì í ṣe ọba kan ni ó kó wọn jọ, kò sì sí ẹni tí ń san owó oṣù fún wọn. Ohun tí wọ́n bá kó lójú ogun ni wọ́n ń jẹ, ènìyàn tí wọ́n bá mú ni wọ́n ń tà láti fi ra ìbọn àti ẹ̀tù. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ológun ńlá Ìbàdàn pẹ̀lú. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó kún fún irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ogun Núpé láti Bídà ni ó ń kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, títí ọmọ ogun Royal Niger Company lábẹ́ Goldie fi wọ Kàbà ní oṣù kìíní 1897, tí àwọn Núpé sì kúrò.

Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn sì para pọ̀ láti bọ́ àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn. Ògèdèǹgbé kò tètè dá sí i. Nígbà tí ó dé, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ogun. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń bẹ ní Èkó ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn. Ààrẹ Mọ́mọ̀dù Látòósà ni olórí ogun Ìbàdàn. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ogun Kírìjì ní ogun ẹ̀sìn. Ogun agbára àti òmìnira ni. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ní ọdún kejì wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, Ìbàdàn kò sì jọba lé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lórí mọ́. Ogun tí Ògèdèǹgbé lọ jà, ó jà á dé ojú àmì.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò parí síbẹ̀. Àdéhùn wà, àwọn ọ̀dọ́ tí a ti fi ìbọn tọ́ kò sì kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Kí ni wọn yóò jẹ? Ibùdó ogun kò tú tán títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó. Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ń dínà, wọ́n ń kó ẹrù oníṣòwò, wọ́n ń mú ènìyàn. Àwọn tí wọ́n ń fi ìyà jẹ, ọmọ ilẹ̀ tí a torí rẹ̀ jagun ni. Ní 1894, Kápútéènì Bower mú Ògèdèǹgbé nítorí ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe, ó sì gbé e kúrò nílùú. Akọni tí Ìbàdàn kò lè ṣẹ́gun ní Kírìjì tún di ẹlẹ́wọ̀n. Nígbẹ̀yìn wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì padà sí Iléṣà. Ó joyè Ọbańlá ní 1898, ó sì kú ní oṣù keje 1910.

A kò kọ èyí láti ba orúkọ akọni náà jẹ́. Ó gba ìlú rẹ̀ là, òótọ́ ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì di ìnira fún ìlú rẹ̀, òótọ́ ni èyí náà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Sàró láìpẹ́. Àwọn ọdẹ tí à ń pè ní Kamajor dìde láti dáàbò bo abúlé wọn nínú ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Nígbà tí ó di 2007, ilé-ẹjọ́ dá méjì nínú àwọn olórí wọn lẹ́bi nítorí ohun búburú tí wọ́n ṣe sí àwọn tí kò gbé ohun ìjà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ wa lóru. Ẹ jẹ́ kí a sì mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n wà lábẹ́ àṣẹ àwọn ọba àti ìjọba, kí a máa bọ́ wọn, kí olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tí yóò padà sí lọ́jọ́ tí ewu bá kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó bá fún ọmọ ní ìbọn láìfún un ní oúnjẹ, ó ti sọ fún un ibi tí yóò ti wá a. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ mú ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ lọ́kùn-únkúndùn, kí ó má baà jẹ́ pé ìbọn nìkan ni ẹ mọ̀ ọ́n lò.

Kí Ọlọ́hun fún ilẹ̀ Òkun ní àlàáfíà tí kò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.