Adégbénró: Ẹni tí òfin dá láre, tí àga kò tẹ̀ lọ́wọ́

Nígbà tí ìjà olórí bẹ́ sílẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lọ́dún 1962, gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti Ifọ̀ títí dé Abẹ́òkúta, ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú. Ọmọ Abẹ́òkúta ni ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀ láti di àga Olórí Ìjọba mú: Alhaji Dáúdà Sóróyè Adégbénró, tí wọ́n bí lọ́dún 1909, tó sì ti ṣe mínísítà rí.

Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ló wà lórí àga náà láti ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò wọ̀ mọ́. Ní oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá fipò sílẹ̀, ó kọ̀. Aṣòfin 66 nínú 124 bá fọwọ́ síwèé sí Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, pé àwọn kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ 21, Gómìnà yọ ọ́, ó sì fi Adégbénró rọ́pò rẹ̀.

Akíntọ́lá takú pé ìbò inú ilé nìkan ló lè yọ òun. Lọ́jọ́ 25 tí ilé fẹ́ dìbò, ìjà dé, àga ń fò, ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́: lọ́jọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì. Ọjọ́ kìíní ọdún 1963 ni Akíntọ́lá padà sórí àga.

Adégbénró gbé ẹjọ́ dé London. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, àwọn adájọ́ ibẹ̀ dá a láre pé ìwé àwọn aṣòfin tó fún Gómìnà láti ṣe ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n kíá ni ilé aṣòfin Ìbàdàn yí òfin padà, tí wọ́n sì mú un bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1960. Ìdájọ́ náà di òfo.

Nígbà tí Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Adégbénró ló ń tukọ̀ ẹgbẹ́ títí di ìbò ọdún 1965 tó dá rògbòdìyàn wẹ́tí ẹ̀ sílẹ̀. Ní January 1966, àwọn ṣọ́jà pa Akíntọ́lá, wọ́n sì gbàjọba. Adégbénró kú lọ́dún 1975. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ló jà sí àga. Nígbà tí ìjà parí, àga kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn.