Dáníẹ́lì Olúbí: Ọmọ Abọrẹ̀ Tí Ó Wá Òdodo Nínú Ọkàn

Orúkọ Pópó Yemọja nílùú Ìbàdàn kò fi ìtàn àdúgbò náà pamọ́. Ojúbọ Yemọja wà níbẹ̀ títí di òní. Ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Kúdẹtì, níbi tí ẹ̀sìn Kírísítì ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ n'Ìbàdàn. Ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ tí ó mọ ọ̀nà ojúbọ, tí ó sì mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Dáníẹ́lì Olúbí ni.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1830, sínú ìdílé olórìṣà. Abọrẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ mọ èèwọ̀. Ó ti mọ ohun tí wọn kì í jẹ àti ohun tí wọn kì í fọwọ́ kàn kí ó tó gbọ́njú. Nígbà tí ó gba ẹ̀sìn tuntun ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 1849, wọ́n na àwọn onígbàgbọ́ l'Ábẹ́òkúta, wọ́n sì kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ewu mìíràn wà tí kò ní pàṣán nínú. Ó rọrùn kí ènìyàn kó èèwọ̀ òrìṣà dànù, kí ó sì kó èèwọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sí àyè rẹ̀: kí ó má bọ òrìṣà mọ́, kí ó má nájà lọ́jọ́ ìsinmi, kí ó sì wá rò pé òun ti di olódodo. Ṣùgbọ́n lára àwọn ìwé Bíbélì tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá ni ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù, èyí tí ó jáde ní 1850. Ohun tí ìwé náà ń tẹnu mọ́ ni pé ìgbàgbọ́ inú ọkàn ni Ọlọ́run ń kà sí òdodo, kì í ṣe òfin tí a pa mọ́ lójú ayé. Kí a rántí pé Yorùbá a máa lo ọ̀rọ̀ náà òdodo fún òtítọ́ pẹ̀lú. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá ṣe òtítọ́ kò ní ibi tí yóò ti rí òdodo.

Ní 1853, Olúbí bá David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ilé. Yéjídé àti Akínyẹlé, àwọn ọmọ Olóyè Olúnlóyọ̀ọ́, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Kúdẹtì. Àwọn òbí mìíràn na ọmọ tiwọn nítorí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà dí, ebi sì wọ ilé Hinderer débi pé wọ́n ń ta ẹrù ilé jẹun. Olúbí kò fi wọ́n sílẹ̀.

Ọdún 1869 ni ìdánwò tó le jù dé. Àìsàn lé àwọn Hinderer padà sílé, Anna sì kú ní ọdún kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí òyìnbó kan tí yóò máa ṣọ́ àwọn ọmọ ìjọ n'Ìbàdàn. Ìránṣẹ́ ilé àná ni gbogbo rẹ̀ wá já lé léjìká, láti Kúdẹtì dé Arẹ̀mọ àti Ògúnpa. Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní 1871. Bí ó bá jẹ́ pé ojú òyìnbó nìkan ni ìjọ náà ń wò ṣe rere, ìbá ti túká. Kò túká.

Síbẹ̀, ìlú ológun ni Ìbàdàn, ènìyàn sì ni ọrọ̀ ológun. Ẹrú àti ìwọ̀fà kún agbo ilé gbogbo, agbo ilé àwọn ọmọ ìjọ kò sì yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó ní aya kan, tí kì í pa ìsìn jẹ, lè ní ẹrú nílé. Kí ni a óò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ní 1880, àwọn aṣáájú ìjọ ṣèpàdé l'Ékòó lórí ọ̀rọ̀ ẹrú lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, nítorí pé àrùn náà ti wọ inú ilé Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí aṣọ funfun lè bò.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tán pátápátá títí di 1893. Samuel Johnson, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Kúdẹtì, wà lára àwọn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà káàkiri títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886. Olúbí ní tirẹ̀ ń bá iṣẹ́ ìjọ lọ nínú ìlú, ó sì ń kọ àkọsílẹ̀ ìgbé ayé àwọn ènìyàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ó kú ní 1912, ọdún 59 lẹ́yìn tí ó bá àwọn Hinderer tẹ̀dó sí Kúdẹtì.