Simeon Adébọ̀: Òṣìṣẹ́ ọba tí kò di ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú

Àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó Èkìtì kò ní tíì gbàgbé ẹ̀kún owó oṣù Adébọ̀ tó wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ìwòyí ni kò mọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni olóògbé Olóyè Simeon Adébọ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 1913 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní King's College, l'Ékòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní rélùwéè ní 1933. Ní 1942, ó wọ ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba tí àwọn òyìnbó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá jókòó sí nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, ó sì di lọ́yà ní 1948.

Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣàkóso Èkìtì láyé ìgbà náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 dé gbogbo abúlé wa, owó kòkó sì wà lára ohun tó gbé e ró. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó mọ ìṣirò, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Adébọ̀ di akọ̀wé àgbà ní ilé iṣẹ́ ìṣúná, nígbà tó sì di 1961, ó di olórí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn.

Ọdún kejì ni ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá bẹ́ sílẹ̀. Ìjà náà pín ilé, ó pín ọjà, àwa náà rí i ní Èkìtì. Ìgbàgbọ́ Adébọ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ọba gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá fẹnu kò sí, ṣùgbọ́n kí ó má wọ aṣọ ẹgbẹ́ kankan. Ní ọdún 1962 yẹn gan-an, ìjọba Tafawa Balewa, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú Awólọ́wọ̀, yàn án láti ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York.

Ó wà níbẹ̀ títí di 1967. Láti 1968 sí 1972, àjọ náà fi í ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè níṣẹ́, pàápàá àwọn tó ti ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira wá, bíi Sòmálíà tó gba tirẹ̀ ní ọdún kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà.

Ibẹ̀ ló wà tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi ní kí ó wá ṣe alága ìgbìmọ̀ owó oṣù ní 1970. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé ìyà ń jẹ òṣìṣẹ́ kékeré nígbà tí àwọn kan ń ná ìnákúnàá. Ó tún kìlọ̀ pé ẹ̀kún owó nìkan kò tó bí ọjà bá ń gbówó lórí. Òótọ́ ni. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni kan kọ̀ láti sanwó, ìyanṣẹ́lódì sì gbòde ní 1971. Àgbẹ̀ oko kò sí nínú ìwé owó oṣù, ṣùgbọ́n òun náà ń ra ọṣẹ àti kẹrosíìnì ní iye tuntun.

Láti 1975 sí 1977, Adébọ̀ ni alága àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa. Abẹ́ àjọ yìí kan náà ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà l'Ọ́yẹ̀ẹ́ àti Ìkọ̀lé láti 2011 wà.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1994 ló jáde láyé, nígbà tó ku díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 81.

Lónìí, bí ìjọba bá yí padà, àyà òṣìṣẹ́ a máa já nítorí ipò rẹ̀. Ìjọba alágbádá lo Adébọ̀, ti ológun lò ó, gbogbo àgbáyé náà lò ó, nítorí kò sí ẹni tó lè pè é ní ọmọ ẹ̀yìn lágbájá. Ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, orúkọ rere ni kì í kúrò nílẹ̀.