Vivien Thomas: Ọkùnrin tí wọ́n kọ sílẹ̀ bí agbálẹ̀, àmọ́ tó kọ́ àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ ọkàn

Ṣé ọ̀gá yín ti sọ fún yín rí pé kí ẹ bá òun ṣe iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi gbà yín? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Lónìí, ẹ kàn ní kí ẹ fi ran èèyàn lọ́wọ́ ni. Tó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, iṣẹ́ náà ti di tiyín, àmọ́ owó oṣù kò kúrò lójú kan.

Vivien Thomas, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé nínú irú ipò yìí.

Ta ni Vivien Thomas?

Ìpínlẹ̀ Louisiana ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1910, àmọ́ ìlú Nashville ló dàgbà sí. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Dókítà ló fẹ́ dà, ó sì ń tọ́jú owó pamọ́ láti fi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báńkì tó fi owó sí náà sì wó.

Ní oṣù Kejì ọdún 1930, ó rí iṣẹ́ ní láàbù Dókítà Alfred Blalock ní Yunifásítì Vanderbilt. Èrò rẹ̀ ni pé òun kàn fẹ́ fi í gbọ́ bùkátà fúngbà díẹ̀ ni.

Iṣẹ́ ń pọ̀ sí i, orúkọ iṣẹ́ kò yí padà

Kò pẹ́ tí Blalock fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún ajá lóògùn oorun, bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n ṣe ń rán ojú ọgbẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń kọ àbájáde ìwádìí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí Blalock pariwo mọ́ ọn, tó sì bú u, Thomas sọ fún un pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá náà tọrọ àforíjì.

Nígbà tó yá ló gbọ́ pé agbálẹ̀ ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ òun, owó agbálẹ̀ ni wọ́n sì ń san. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Blalock, wọ́n sì fi kún owó rẹ̀. Ewu ńlá ni fún aláwọ̀ dúdú láti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ọmọ tí ara rẹ̀ dà bí aró

Lọ́dún 1941, Blalock lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ó sì ní àfi kí Thomas bá òun lọ. Níbẹ̀, iṣẹ́ ìmọ́tótó àti irú rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ mọ́ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí Thomas wọ aṣọ funfun láàbù gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ńṣe ni àwọn èèyàn ń wò ó tìyanu-tìyanu.

Dókítà Helen Taussig mú ìṣòro kan wá bá wọn: àwọn ọmọdé kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dé ẹ̀dọ̀fóró tó bó ṣe yẹ, tí ara wọn sì máa ń dà bí aró. Thomas fi nǹkan bí ọdún méjì àti nǹkan bí igba ajá dán ọ̀nà àbáyọ wò. Òun ló tún àwọn irinṣẹ́ ṣe kí wọ́n lè bá ara ọmọ kékeré mu.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1944, wọ́n gbé Eileen Saxon wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọmọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Blalock ní kí wọ́n lọ pe Thomas wá. Thomas dúró lórí àpótí lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà títí iṣẹ́ náà fi parí.

Àwọ̀ ọmọ náà padà. Oṣù díẹ̀ ló lò sí i láyé, àmọ́ ọ̀nà náà gba ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ mìíràn là.

Nígbà tí ìwé ìwádìí náà jáde lọ́dún 1945, orúkọ Blalock àti Taussig ló wà níbẹ̀. Orúkọ Thomas kò sí ńbẹ̀ rárá.

Ọ̀sán olùkọ́, alẹ́ agbọ́tí

Owó tí wọ́n ń san kò tó gbọ́ ti ìyàwó àti ọmọ. Nítorí náà, Thomas máa ń bá wọn gbé ọtí níbi àpèjẹ Blalock. Àwọn dókítà tó kọ́ ní iṣẹ́ lọ́sàn-án ló ń bu ọtí fún lálẹ́. Nígbà tó fi hàn pé òun ṣetán láti padà sí Nashville ni wọ́n tó fi owó gidi kún owó rẹ̀.

Ọdún 1976 ni Johns Hopkins fún un ní oyè dókítà ìdánilọ́lá, ti òfin ni, kì í ṣe ti ìṣègùn. Wọ́n sì fi í sára àwọn olùkọ́. Ó fẹ̀yìntì lọ́dún 1979, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1985.

Lónìí, ọ̀pọ̀ dókítà ti fi orúkọ Thomas kún orúkọ iṣẹ́ abẹ náà. Kò kọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, àmọ́ kò yéé béèrè ohun tó tọ́ sí i. Owó rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, orúkọ rẹ̀ sì pẹ́ ju owó lọ.