William Huggins àti Ojú Ológbò

Nígbà tí ìṣirò físíìsì bá sú mi, William Huggins ni mo máa ń rántí. Wọ́n bí i sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1824. Kò wọ yunifásítì. Ó ta ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìdílé rẹ̀, ó sì gbájú mọ́ ìràwọ̀. Ní 1864, ó pín ìmọ́lẹ̀ ìkùukùu tí à ń pè ní Ojú Ológbò sí àwọ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé ló rí: gáàsì ni, kì í ṣe àgbájọ ìràwọ̀. Ó kú ní 1910, kí Ira Bowen tó fi hàn ní 1927 pé ọ́síjìn ló ń tàn bẹ́ẹ̀. Lónìí, a mọ̀ pé ẹ̀fúùfù líle láti ara ìràwọ̀ àárín rẹ̀ ló ń ti gáàsì náà tó fi rí bí ojú. Ohun tí kò yé mi tán, èmi náà á kọ ọ́ sílẹ̀.