Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun: Oníṣègùn tó wá alárùn wárápá kiri láti ojúlé dé ojúlé

Àrùn tí ọ̀pọ̀ Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ ní gbangba ni wárápá. Bí ó bá gbé ọmọdé ṣánlẹ̀, àwọn tó wà nítòsí a máa sá, nítorí ìgbàgbọ́ pé ẹni tí ìfófó ẹnu ọmọ náà bá kàn yóò kó àrùn ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò nílé-ìwé, tí wọ́n sì fi pamọ́ sí ìyẹ̀wù. Lára àwọn tó fi ìwádìí kojú ìgbàgbọ́ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun.

Òkèmẹ̀sí, nílẹ̀ Èkìtì, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1935. Ó lọ sí Christ's School, Adó-Èkìtì, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, ó sì lọ sílùú ọba láti mọ̀ sí i nípa àrùn ọpọlọ. Nígbà tó dé UCH, Ìbàdàn, ìwádìí rẹ̀ lórí àrùn tó ń mú kí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ rìn, èyí tó so mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́, sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Lọ́dún 1970, òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odekù, Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, gbé ìwádìí jáde lórí alárùn wárápá 522 ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá sí ilé ìwòsàn nìkan nìyẹn. Àwọn tí ẹbí fi pamọ́ ńkọ́? Ìdí nìyí tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọrí sí Ìbàràpá, tí wọ́n ń yẹ àwọn ènìyàn wò láti ojúlé dé ojúlé. Ní Ìgbò-Ọrà, níbi tí wọ́n ti yẹ ènìyàn tó tó 19,000 wò, èèyàn bíi márùn-ún nínú 1,000 ló ní wárápá, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1987. Ní Ayétẹ̀, tí kò jìnnà síbẹ̀, 37 nínú 1,000 ni wọ́n ti rí.

Èdè kan náà ni ìlú méjèèjì ń sọ. Kí ló wá fà á? Ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣètò ìlera ní Ìgbò-Ọrà láti ọdún 1963: wọ́n ń tọ́jú aboyún, wọ́n ń fún ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Bẹ́ẹ̀, ìpalára nígbà ìbí, àrùn yírùnyírùn àti gìrì tó pẹ́ lára ọmọ wà lára ohun tó ń fa wárápá. Bó bá jẹ́ àjẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni, abẹ́rẹ́ àjẹsára kì bá tí dín in kù.

Ọ̀ṣuntókun di olùdarí àgbà UCH, ó sì bá àwọn ará Indianapolis, l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé àwọn arúgbó. Ó kú lọ́dún 1995, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún.

Ẹ̀kọ́ Ìgbò-Ọrà kan àwọn òbí ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò pẹ̀lú. Bí gìrì bá mú ọmọ, ọsibítù ni ká gbé e lọ kíá. Àgbo ìtọ̀ màlúù àti fífi ẹsẹ̀ ọmọ sínú iná kì í wo gìrì. Ńṣe ni wọ́n ń dá kún ìpalára.