Charles de Brosses àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe òrìṣà wa

Nígbà tí mo wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka yìí, mo kọ iṣẹ́ àṣetiléwá kan nípa ojúbọ Ògún ìdílé wa, mo sì pe ohun tó wà níbẹ̀ ní fetish. Olùkọ́ mi fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kí n lọ wá orírun rẹ̀. Ibi tí mo ti ń wá a ni mo ti bá Charles de Brosses pàdé.

Ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1709. Adájọ́ ni, ó sì di olórí ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé lọkàn rẹ̀ fà sí. Ní 1756, ó tẹ ìwé jáde lórí ìrìnàjò sí àwọn òkun gúúsù. Inú rẹ̀ ló ti dá orúkọ náà, Polynésie, tó ṣì wà lórí máàpù dòní.

Ní 1760, ó tẹ Du culte des dieux fétiches jáde láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kò dé Áfíríkà rí. Àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò àti arìnrìnàjò ló kà, títí kan èyí tí wọ́n kọ nípa àwọn tó ń bọ ejò ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òní. Ó fi wọ́n wé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ó sì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, fétichisme. Ó ní bí ẹ̀sìn ṣe bẹ̀rẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé nìyẹn.

Ó so ọ̀rọ̀ náà mọ́ fatum ti èdè Látìn, ìyẹn àyànmọ́. Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Feitiço ni àwọn Potogí ń pe oògùn àti àsàsí. Hechizo ni ti Sípéènì. Inú facticius ti Látìn ni méjèèjì ti wá: ohun tí a fọwọ́ ṣe. Ọmọ ìyá wọn ni factice, tí àwọn Faransé ń lò fún ohun ayédèrú. Àwọn Potogí ló gbé feitiço dé etíkun wa, kí àwọn òyìnbó yòókù tó gbà á lẹ́nu wọn.

Ní 1765, de Brosses tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí bí èdè ṣe ń di èdè. Ìjà igi ìdáná ti da òun àti Voltaire, tó yá ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, rú. Nígbà tó fẹ́ wọ Académie française ní 1770, Voltaire dí i lọ́nà. Ó kú ní Paris ní 1777. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a kú: Karl Marx kà á, ó sì lò ó fún ọjà títà.

Mo fẹ́ dá a lẹ́bi, àfi bí mo ṣe rántí pé ohun tó ṣe lèmi náà ṣe: mo sọ ohun onílé lórúkọ láìbi onílé. Mo padà sílé, mo bi ìyá mi àgbà. Wọ́n dárúkọ ohun kọ̀ọ̀kan tó wà lójúbọ náà fún mi, wọ́n sì sọ alágbẹ̀dẹ tó rọ irin ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi pa mọ́ nílé wa pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Ohun tí wọ́n sọ ni mo fi tún iṣẹ́ náà kọ.